Owó Ìjọba fún Àbójútó Ilẹ̀ Oko: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Ri Òpó Àkọ́kọ́ Mọ́lẹ̀

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi ń gbé ní Charlotte, ní North Carolina. Ní oṣù méjì sẹ́yìn ni a ra éékà 18 ní Káúńtì Anson. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn dá sí owó náà, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ilẹ̀ pẹ̀lú tiwa. Ìyàwó mi ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, green card ni èmi ní, àwa méjèèjì kò sì tíì dáko rí níbí. A fẹ́ máa gbin ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo sínú ilé ọ̀rá, irú èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní high tunnel. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sí i lójú kan, àkùrọ̀ sì wà létí odò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan sọ fún wa níbi òde pé ìjọba ń fún àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní owó ọ̀fẹ́, ó ní òun yóò bá wa kọ ìwé rẹ̀ bí a bá san 1,500 dọ́là. Ẹni tó ń ta ilé ọ̀rá náà sì ní kí a tètè san owó kí iye rẹ̀ má baà lọ sókè. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ owó yìí? Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilẹ̀ tuntun. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ní òun yóò bá yín kọ ìwé, ẹ má sì tíì san owó ilé ọ̀rá. Ìwé ìbéèrè fún ètò wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a ń fi owó kọ. Ojú ewé díẹ̀ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba fúnra wọn ni wọ́n sì ń jókòó ti àgbẹ̀ láti kọ ọ́, láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ilé ọ̀rá, owó tí ẹ bá san lónìí lè jẹ́ ohun náà gan-an tí kò ní jẹ́ kí ìjọba san ohunkóhun fún yín lọ́la. N óò ṣàlàyé rẹ̀ níwájú. Ohun kẹta ni orúkọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà nínú ìwé ilẹ̀. Òun ni n óò fi ṣáájú, nítorí pé òun nìkan ló ní gbèdéke, gbèdéke náà kò sì ju nǹkan bí oṣù kan lọ mọ́.

Láti ọdún 1978 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà, AFIDA ni wọ́n ń pè é, tó sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tí kò sì ní green card, bí ó bá ní ìpín nínú ilẹ̀ oko, ó gbọ́dọ̀ fi tó USDA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọ̀gbìn, létí láàárín ọjọ́ 90 tí ilẹ̀ náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù FSA-153 ni a fi ń ṣe é, ọ́fíìsì FSA, ẹ̀ka USDA tó ń bójú tó káúńtì tí ilẹ̀ náà wà, ni a sì ń mú un lọ. Ìwọ àti ìyàwó yín bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín kò bọ́. Òfin náà fojú fo ilẹ̀ tí kò ju éékà 10 lọ bí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò bá tó nǹkan. Éékà 18 ti kọjá ibẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ lásán ni. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ ni wàhálà ń bá, nítorí ìtanràn rẹ̀ lè tó ìdá 25 nínú 100 iye tí ìpín onítọ̀hún tó lọ́jà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹbí tó fi orúkọ ará ilé sínú ìwé ilẹ̀ láti fi hàn pé àwọn kò jẹ owó mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tó bá wọn parí ìwé ilé àti ilẹ̀ ní ìgboro kì í sábà rántí òfin oko. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí ìwé kan tó fi hàn pé òun yọ̀ǹda ìpín òun fún yín láti dáko fún iye ọdún kan pàtó, nítorí pé ẹni tó bá ń béèrè owó àbójútó ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilẹ̀ náà yóò wà níkàáwọ́ òun títí àdéhùn yóò fi parí. Kí ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ìwọ àti ìyàwó yín.

Ọ̀rọ̀ owó ọ̀fẹ́ ńkọ́? Irọ́ pátápátá kọ́ ni ẹni yẹn pa, ṣùgbọ́n ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lù pọ̀. Ní 1999, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn nínú ẹjọ́ Pigford, èyí tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú pè nítorí pé USDA ti ń fi ẹ̀tọ́ yíyá owó dù wọ́n. Ní 2010 ni àdéhùn kejì tẹ̀lé e, tí owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 1.25 dọ́là. Ní 2021, ìjọba ṣe òfin láti san gbèsè irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ dá a dúró, wọ́n sì fi òfin mìíràn wọ́gi lé e ní 2022. Òfin 2022 yẹn kan náà ya bílíọ̀nù 2.2 dọ́là sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni, láìwo àwọ̀, tí USDA ti fi ẹ̀tọ́ dù nínú ọ̀rọ̀ owó yíyá ṣáájú ọdún 2021. Wọ́n gba ìwé rẹ̀ títí di January 2024, wọ́n pín owó náà lọ́dún yẹn, ó sì parí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ kò sí nínú ìkankan nínú wọn. Ohun tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé, ní July 2025, USDA kéde pé òun kò ní fi àwọ̀ ara tàbí jíjẹ́ obìnrin ṣe òṣùwọ̀n àǹfààní nínú ètò òun mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ lónìí pé àwọ̀ yín ni yóò gba owó fún yín, ìròyìn àtijọ́ ló ń tà, iye tó sì fẹ́ tà á, 1,500 dọ́là, ti pọ̀ jù fún ìròyìn tó ti gbó.

Àǹfààní kan wà tó jẹ́ tiyín lóòótọ́. Ẹni tí kò tíì dáko ju ọdún 10 lọ léraléra ni òfin ń pè ní àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìwọ àti ìyàwó yín sì wà níbẹ̀ pátápátá. Ètò EQIP ni ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń bá àgbẹ̀ san apá kan ìnáwó iṣẹ́ àbójútó ilẹ̀, títí kan ilé ọ̀rá. Níbi tó ti ń san tó ìdá 75 nínú 100 ìnáwó iṣẹ́ kan fún àgbẹ̀ mìíràn, ó lè san tó ìdá 90 fún àgbẹ̀ tuntun, apá kan sì wà nínú owó ètò náà lọ́dọọdún tí a yà sọ́tọ̀ fún irú yín kí ẹ má baà máa bá àgbàlagbà oko du oyè.

Ẹ jẹ́ kí a wá mọ ọ́fíìsì tí ẹ ń lọ, nítorí pé mẹ́ta ni wọ́n, gbogbo wọn sì sábà máa ń wà lábẹ́ òrùlé kan tàbí kí wọ́n máa rí ara wọn lójoojúmọ́, tí àlejò kò fi mọ èyí tó ń bá sọ̀rọ̀. FSA ni ti ìwé: òun ló ń fún oko ní nọ́ńbà, òun ló ń yá àgbẹ̀ lówó, òun ló ń wádìí bóyá ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba. NRCS ni ti ilẹ̀: àwọn ni wọ́n ń wá wo oko, tí wọ́n ń ya àwòrán iṣẹ́, tí wọ́n sì ń ṣètò EQIP. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ rárá, ti àwọn ará àdúgbò àti ìpínlẹ̀ ni, ìtàn rẹ̀ sì kan ilẹ̀ tí ẹ rà gbọ̀ngbọ̀n.

Ọmọ Káúńtì Anson ni Hugh Hammond Bennett, tí a bí ní 1881 lórí oko owú nítòsí Wadesboro. Owú ni wọ́n fi gbó ilẹ̀ amọ̀ pupa agbègbè yẹn, tí òjò fi ń wọ́ ojú rẹ̀ lọ sínú odò lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á sí. Bennett di òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilẹ̀ wò, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa pariwo pé ilẹ̀ ń tán. Ìgbà tí ìjì erùpẹ̀ láti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà fẹ́ dé Washington fúnra rẹ̀ ní 1935 ni àwọn aṣòfin tó gbọ́, wọ́n ṣòfin àbójútó ilẹ̀ ní April ọdún yẹn, wọ́n sì fi í ṣe olórí iléeṣẹ́ tó di NRCS lónìí. Ní August 1937, àwọn àgbẹ̀ Anson dá ẹgbẹ́ àbójútó ilẹ̀ àti omi sílẹ̀ létí odò Brown Creek, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 3,000 ló wà báyìí. Ẹgbẹ́ yìí, Brown Creek Soil and Water Conservation District, ni ọ́fíìsì kẹta tí mo ń wí. Ó ń pín owó ìpínlẹ̀ North Carolina, èyí tó wà láti àwọn ọdún 1980, tí òun náà ń san tó ìdá 75 nínú ìnáwó, tó sì lè dé 90 fún àgbẹ̀ tuntun. Ẹ má ṣe kọjá ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí pé orúkọ ìjọba àpapọ̀ kò sí lára rẹ̀. Lójú tèmi, bí kòtò àgbàrá yín bá kéré, ẹgbẹ́ àdúgbò yìí lè yá ju EQIP lọ.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí owó náà wà fún. Ìjọba kò dá EQIP sílẹ̀ kí àgbẹ̀ lè ní ilé ọ̀rá. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1996 láti ra ojútùú sí ohun tó ń ṣe ilẹ̀, omi àti ẹranko inú igbó. Nígbà tí òṣìṣẹ́ NRCS bá dé oko yín, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kọ́, bí kò ṣe ohun tó ń yọ ilẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀yin ń ronú ilé ọ̀rá. Òun yóò máa wo kòtò. Ẹ má jẹ́ kí ó bí yín nínú. Àyẹ̀wò ìwé wọn ní máàkì, ìwé tó bá sì ní máàkì jù ni owó ń kọ́kọ́ kàn. Ìwé tó béèrè ilé ọ̀rá nìkan lórí ilẹ̀ tí àgbàrá ti lu ní kòtò yóò rí bí ẹni tó ń kun ojú ilé ní ọ̀dà nígbà tí ìpìlẹ̀ ń wó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi dídí kòtò náà pẹ̀lú ipadò oníkoríko, àti gbígbin irúgbìn abolẹ̀ ní ìgbà òtútù, kún ilé ọ̀rá náà, ìwé kan náà ti di ètò oko gidi. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. NRCS ni yóò bá yín gbà fún ti ilẹ̀, ẹ kò sì ní san owó ìmọ̀ràn àti àwòrán iṣẹ́ náà.

Ó ku ìlànà kan tó ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóró: EQIP kì í san owó iṣẹ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ kí àdéhùn tó fìdí múlẹ̀, àyàfi bí a bá ti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ ìwé ìbéèrè ni àdéhùn fìdí múlẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n wá wo oko. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pè yín pé máàkì yín dára. Ọjọ́ tí ẹ̀yin àti ìjọba jọ ti fọwọ́ síwèé ni. Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo dáko, mo béèrè owó láti ṣe ọgbà wáyà sí ẹ̀gbẹ́ odò kí ewúrẹ́ mi má baà máa tẹ bèbè rẹ̀ wó. Òṣìṣẹ́ kan sọ fún mi lórí fóònù pé ó jọ pé owó yóò kàn mí. Èmi rí i pé òtútù ń bọ̀, ilẹ̀ yóò le, mo gbé ọ̀pá àti ẹ̀rọ ìwalẹ̀, mo sì ri òpó 40 mọ́lẹ̀ láàárín òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó padà wá fi ìwé àdéhùn bá mi ní oko, ó dúró, ó wo òpó, ó wo mi, ó sì fi bírò fa ìlà sí ọgbà náà lára nínú ìwé. Kò sí ẹni tí mo lè fi sùn. Fún ìdí yìí ni mo ṣe ní kí ẹ má san owó ilé ọ̀rá. Iye rẹ̀ lè gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlékún náà kò lè tó ohun tí ẹ ó pàdánù.

Bí a ṣe ń sanwó rẹ̀ tún yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò. Kì í ṣe pé ẹ ó kó rìsíìtì lọ kí wọ́n san ìdá 90 rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ṣírò, lọ́dọọdún, iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń náni. Fún ilé ọ̀rá, iye owó kan wà fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ní fífẹ̀ àti gígùn. Iye yẹn ni ìdá 90 dúró lé, yálà ẹ rà á wọ́n tàbí ẹ rà á pọ́ọ́kú. Ẹ̀yìn tí òṣìṣẹ́ bá ti wá yẹ iṣẹ́ wò, tó sì rí i pé ó bá ìlànà mu, ni owó ń jáde. Àgbẹ̀ tuntun lè béèrè, nígbà tó bá ń fọwọ́ síwèé, kí a san ó kéré tán ìdajì fún un ṣáájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 péré ló ní láti ná an sórí iṣẹ́ náà. Bí kò bá ná an, yóò dá a padà. Èyí túmọ̀ sí pé ìdajì kejì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín tàbí kí ẹ yá a. FSA ní owó yíyá kékeré kan tí kò ju 50,000 dọ́là lọ tó bá irú èyí mu, ọmọ ìlú àti ẹni tó ní green card sì lè béèrè rẹ̀. Ẹ tún rántí pé owó tí ìjọba bá san yóò wá sínú ìwé owó orí yín lópin ọdún. Ẹ fi han ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí kí ó tó di March.

Ilé ọ̀rá fúnra rẹ̀ ní òfin tirẹ̀, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n kí olùtà tó fi ọ̀rọ̀ dídùn tà yín ní ohun tí NRCS kò ní gbà. Inú ilẹ̀ gan-an, tàbí ebè tí a gbé ga díẹ̀, ni a gbọ́dọ̀ gbin nǹkan sí. Kì í ṣe inú ike lórí tábìlì. A kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ilé adìẹ tàbí ibi ìkó-nǹkan-sí. Ọ̀rá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó ọ̀rá ilé ọ̀gbìn tó nípọn, tí oòrùn kò ní tètè jẹ, èyí tí a ń kọ 6 mil sí lára. Ohun tí àwọn tuntun sì ń gbàgbé jù ni omi òrùlé. Ká ní ilé yín fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30, ó sì gùn ní 72. Òjò tó bá rọ̀ ní íǹṣì kan ṣoṣo yóò da nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 1,300 omi sílẹ̀ láti orí rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó ti ní kòtò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe ojú ọ̀nà fún un, ọ̀rá tí ìjọba sanwó rẹ̀ ni yóò gbẹ́ kòtò kejì fún yín. Ẹ béèrè kí wọ́n kọ ipadò omi òrùlé mọ́ ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ewédú, tó kórìíra òtútù bí ẹni kórìíra gbèsè, ilé yìí yóò fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kún ìgbà ìkórè yín ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin; ẹ má retí rẹ̀ ní January, nítorí kò ní iná ìmúgbóná.

Àkùrọ̀ yín wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù nínú ìwé yín. Nílé wa, ẹni tó ní àkùrọ̀ ti ní ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá yóò rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ́ ni yóò máa wá. Níbí, òfin 1985 sọ pé ẹni tó bá gbẹ́ kòtò láti fa omi kúrò ní ilẹ̀ rírin, tàbí tó kó yẹ̀pẹ̀ dí i, tàbí tó hú kùkùté rẹ̀ kí ó lè di ibi ọ̀gbìn, ti pàdánù àǹfààní USDA. Kì í ṣe lórí ojú kékeré yẹn nìkan o, lórí gbogbo ilẹ̀ tó ń dá ni, títí kan owó yíyá. Ẹ ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, AD-1026, pé ẹ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ọ́fíìsì, láàárín ìwé púpọ̀, níbi tí ojú kì í tí í dúró ka nǹkan. Ẹ má fi katakata kankan wọ ibẹ̀ kí NRCS tó sọ ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́ lójú òfin. Bí mo bá jẹ́ yín, n óò fi í sílẹ̀ fún igi àti koríko létí odò, n óò sì jẹ́ kí ó kún máàkì ìwé mi.

Ní ti omi tí ẹ ó fi máa bu ẹ̀fọ́, EQIP sábà máa ń béèrè pé kí ilẹ̀ tí a fẹ́ ṣe páìpù ìbomirin sí ti jẹ́ ilẹ̀ tí a ń bomi rin fún ó kéré tán ọdún 2 nínú 5 tó kọjá. Ẹ béèrè ní tààrà bóyá ìyọ̀ǹda wà fún àgbẹ̀ tuntun láti bọ́ nínú èyí. Ìpínlẹ̀ náà ní ètò mìíràn láti 2011, AgWRAP, tó wà fún omi oko, bíi kànga àti adágún. Ẹgbẹ́ Brown Creek ló ń gba ìwé rẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ nípa CRP pẹ̀lú, ètò tó ń san owó ọdọọdún fún àgbẹ̀ kí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún koríko tàbí igi fún ọdún 10 sí 15. Kò tíì kàn yín. Ètò náà fún ilẹ̀ oko ń béèrè ilẹ̀ tí a ti gbin nǹkan sí ní ọdún 4 nínú 2012 sí 2017, kí ó sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín fún oṣù 12 kó tó béèrè.

Ohun tó kàn yín ju CRP lọ wà lọ́dọ̀ káúńtì fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba owó orí ilẹ̀. Òfin North Carolina gbà kí a fi iye tí ilẹ̀ tó fún ọ̀gbìn ṣírò owó orí rẹ̀ dípò iye tó tó lọ́jà, bí éékà 5 ó kéré tán bá wà lábẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso, tàbí 10 lábẹ́ ọ̀gbìn mìíràn, tàbí 20 lábẹ́ igbó tí a ń tọ́jú, tí ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀gbìn náà sì ti mú 1,000 dọ́là wọlé lọ́dún, ní ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta. Ẹ kò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ́fíìsì owó orí bóyá ilẹ̀ náà ti wà nínú ètò yìí lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, nítorí pé bí ó bá ti wà níbẹ̀ tí ẹ sì jẹ́ kí ó bọ́, owó orí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n ti fojú fò lè padà wá bá yín, tòun ti èlé rẹ̀.

Ẹ pe FSA kí ẹ tó lọ, kí wọ́n dá àkókò fún yín. Ẹ mú ìwé ilẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, nọ́ńbà Social Security, green card, àti nọ́ńbà báńkì tí ẹ fẹ́ kí owó máa wọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ nọ́ńbà oko, kí wọ́n sì kọ yín sílẹ̀ bí àgbẹ̀ tuntun. Ẹ má rò pé wọn yóò mọ̀ bí ẹ kò bá sọ. Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sọ́dọ̀ NRCS, kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè EQIP. Wọ́n ń gba ìwé jálẹ̀ ọdún, àmọ́ ọjọ́ kan wà tí ìpínlẹ̀ ń kó gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ jọ láti fún wọn ní máàkì, ọdún ìnáwó ìjọba sì ń bẹ̀rẹ̀ ní October 1. Ẹ béèrè ọjọ́ ti North Carolina. Ìwé tó ń wọlé pọ̀ ju owó lọ ní gbogbo ọdún, nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mú tiyín ní àkọ́kọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọdún tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì béèrè ibi tí máàkì ti sọnù.

Kí òṣìṣẹ́ NRCS tó wá, iṣẹ́ kan wà tí kò sí ẹni tó lè ṣe é fún yín. Ní ọjọ́ tí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ wa ọkọ̀ gba títì US-74 lọ sí oko náà, ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ dúró sí orí kòtò yẹn fún wákàtí kan. Ẹ wo ibi tí omi ti ń bọ̀: ṣé láti orí ilẹ̀ yín ni, ṣé láti títì, ṣé láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó wà lókè? Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe ń wọ inú odò. Ẹ fi fóònù yàwòrán rẹ̀, kí ẹ ri igi kékeré kan mọ́ bèbè kòtò náà, kí ẹ lè padà wò ní oṣù tó ń bọ̀ bóyá bèbè ti dé ìdí igi. Àwòrán yẹn àti igi yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi han òṣìṣẹ́ náà nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé ọ̀rá.